Ẹni tí Omi Wọ Ilé Rẹ̀ ni Yóò Rojọ́

Láyé àtijọ́, ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ kì í rán ọmọdé lọ sọ ọ́ láàfin. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú ẹbí kan tàbí méjì dání, tí yóò lọ kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ níwájú baálẹ̀, tí yóò sì rojọ́. Ìrojọ́ kì í ṣe ẹkún, kì í sì í ṣe àròyé lásán. Ó ní òfin tirẹ̀, àwọn àgbà a sì máa fi í tọ́ olùrojọ́ sọ́nà: ohun tí ojú rẹ rí ni kí o sọ, má fo ibi tí ìwọ náà ti ṣẹ̀, bo àṣírí ẹni tí kò sí níbí, bí o bá sì rò ó tán, sọ ohun tí o fẹ́ kí á ṣe. Ojú lọ̀rọ̀ wà, nítorí náà ẹni tí ń gbọ́ ẹjọ́ gbọ́dọ̀ rí ojú ẹni tí ọ̀ràn ṣẹ̀ sí.

Lóde òní, àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ a máa kọ́ àwọn ará àdúgbò bí wọn yóò ṣe fi ìtàn ìgbésí ayé wọn bá ìjọba sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ohun tuntun ni. Kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Òfin rẹ̀ ni a ń gbàgbé.

Ẹ wo Kòsọ́fẹ́ ní Èkó. Odò Ògùn gba ẹ̀bá Ajégúnlẹ̀, Agílítí àti Máìlì 12 kọjá kí ó tó wọ inú ọ̀sà. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1910 ó lé ọgọ́rùn-ún, èyíinì ni 2010, òjò ńlá àti omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán pàdé ara wọn, omi sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde nílé, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Èkó fi kó nínú wọn lọ sí àgọ́ tí wọ́n pèsè ní Àgbọ̀wà. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ń le, ìkìlọ̀ ni: ẹ kó kúrò létí odò.

Nígbàkigbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, akọ̀ròyìn a dé pẹ̀lú kámẹ́rà. Obìnrin kan a dúró nínú omi, a ní, “Ẹ gbà wá o!” Àwọn tó wò ó a ṣàánú rẹ̀, gàrí a dé, ẹní a dé. Àánú dára. Ṣùgbọ́n àánú kì í ṣí ilẹ̀kùn dáàmù, kì í sì í tì í. Alága ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ pàápàá kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Àjọ tí ń ṣàkóso agbada odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta, ló ń mójú tó dáàmù náà, tí wọ́n ṣí ní 1983. Ẹni tó bá ń rojọ́ fún ẹni tí kò lè dá a, ìtàn ló ń pa.

Ká ní ìyá tí ń ta tòmátì ní Máìlì 12 bá jókòó níwájú àjọ náà, tó sọ pé òru ni, pé ẹsẹ̀ ibùsùn ọmọ òun ti rì kí òun tó jí, pé kò sí ẹni tó lu agogo, rédíò kò sì sọ ohunkóhun, àti pé ìkìlọ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni òun ń béèrè kí wọ́n tó tú omi: ìrojọ́ nìyẹn. Ó ti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sì ti sọ ohun tó fẹ́.

Bí a bá tẹ̀ lé odò kan náà lọ sókè, Abẹ́òkúta ni a ó dé, níbi tí àwọn obìnrin ti rò ó rí. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ìyálọ́jà sọ fún Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti bí wọ́n ṣe ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tún sọ ti owó orí, tí ọmọbìnrin ń bẹ̀rẹ̀ sí í san láti ọmọ ọdún 15, àti bí àwọn agbowó orí ṣe ń tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti mọ̀ bóyá ó ti tó ó san. Ẹ wo ohun tí yóò gbà kí obìnrin Ẹ̀gbá tó lè la ẹnu sọ èyí níta! Ní 1947 ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kò ṣe méjì, Aké ni wọ́n gbà lọ, síwájú ààfin, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ń bá wí wà. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1949 Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó padà ní 1950. Wọ́n sì dá owó orí àwọn obìnrin dúró.

Ṣùgbọ́n agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìdáhùn tí àwọn aláṣẹ máa ń fọ̀ ni pé ojú ọ̀nà omi ni àwọn ènìyàn kọ́lé sí. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, olùrojọ́ kò sì gbọdọ̀ fò ó. Kí ó sọ ẹni tó ta ilẹ̀ fún un, kí ó sọ iye ọdún tó ti ń san owó fún ìjọba lórí rẹ̀.

Ibi tí ó ti le jù nìyí. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1990, nígbà tí ìjọba ológun Èkó wó Màrókò, ara ohun tí wọ́n sọ ni pé omi lè bo ibẹ̀. Onílé ní Agílítí tó bá sọ lónìí pé omi ń wọ ilé òun lè fi ẹnu ara rẹ̀ pe katapílà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà kò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá lọ rojọ́, tí wọn kì í sì í fi ọ̀ràn ẹni rojọ́ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpàdé àwọn onílé àti ayálégbé ni ó yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ rò ó láàárín ara wọn: ta ni yóò sọ̀rọ̀, kí ni kò gbọdọ̀ sọ, ta ni yóò sì bá a dé Abẹ́òkúta.