Ọmọ Inú Oòrùn Náà Ń Fẹ́ Omi

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ojú ń tì mí díẹ̀ láti sọ ọ́, nítorí pé èmi tí mo ń gbà yín nímọ̀ràn lórí ìlera ni mo wà níbẹ̀ tí oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ẹ̀gbọ́n mi léṣe. Ṣùgbọ́n bí mo bá pa á mọ́ sínú, kò ní ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Nítorí náà, ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gbé. Ẹni ọdún 68 ni ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù mẹ́ta ni ó ti lò nínú òtútù ìlú náà kí n tó dé. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi ọdún, ọmọ rẹ̀ kó gbogbo wa: òun, ìyàwó rẹ̀, àwọn ìbejì wọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún méje, ìyá rẹ̀ àti èmi. A wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí San Juan ní Puerto Rico, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá kan níbẹ̀, irú èyí tí àwọn ènìyàn fi í ṣe afẹ́ káàkiri àwọn erékùṣù Caribbean.

Ẹni tí kò bá tíì wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, báyìí ni wọ́n ṣe í ṣe é. Ọkọ̀ a máa rìn ní òru, ilẹ̀ a mọ́ bá yín ní èbúté ìlú tuntun. Ẹ ó sọ̀kalẹ̀, ẹ ó rìn kiri, ẹ ó sì padà kí ọjọ́ tó rọ̀. Ní ti wa, wọ́n ní kí gbogbo èrò ti wọlé ní agogo mẹ́rin ààbọ̀. Ọkọ̀ kì í dúró de ẹnìkan. Ìkánjú tí èyí ń kó bá ni, òun ni ìbẹ̀rẹ̀ wàhálà.

Ìlú tí a sọ̀kalẹ̀ sí ni Bridgetown, olú ìlú Barbados, erékùṣù tí ó gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1966. Ìlú tó lẹ́wà ni. Láti èbúté dé àárín ìlú kò ju nǹkan bíi máìlì kan lọ, nítorí náà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí a fẹsẹ̀ rìn. Ó ní a ó gba òpópónà Broad Street, a ó wo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, a ó kọjá lórí afárá, a ó sì lọ gbádùn etí òkun ní Carlisle Bay. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn gan-an, pàápàá nígbà tí ó gbọ́ pé oúnjẹ tí wọ́n fi ń yangàn níbẹ̀ ni cou-cou, èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo àti ilá rò, tí wọ́n sì ń fi ẹja tí í fò lójú omi jẹ. Ó ní, “Ọkà tí a fi ilá rò! Mo gbọ́dọ̀ fi ẹnu kàn án lónìí.”

Bí a ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ìyàwó ọmọ rẹ̀ mú akẹtẹ̀ kan àti ìgò omi kan wá fún un. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyàwó mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ni oòrùn ń pa. Ọmọ inú oòrùn ni èmi, oòrùn Ìbàdàn ni wọ́n fi wẹ̀ mí.” Ó ti ìgò omi náà bọ inú àpò, ó fún ọmọ ní akẹtẹ̀ padà. Ó wá sí mi lẹ́nu láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni, ojú àwọn ọmọ ni a sì wà. Mo kàn bá a rẹ́rìn-ín ni.

Ooru ọjọ́ náà tó nǹkan bí ìwọ̀n 30 lórí ìdiwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n atẹ́gùn òkun ń fẹ́ yẹ́ẹ́, a kò sì mọ̀ pé a ń làágùn, nítorí pé bí òógùn ti ń yọ ni atẹ́gùn ń gbẹ ẹ́. A rìn, a dúró ya àwòrán, a tún rìn. Ìgbà tí a fi máa dé etí òkun, ọ̀sán ti pọ́n. Mo wá ṣàkíyèsí pé ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí o?” Ó ní orí ń fọ́ òun, òòyì sì ń kọ́ òun. Kò pẹ́, pajápajá mú un lẹ́sẹ̀, ó sì bì.

Ẹ̀rù bà wá. Igi kan wà nítòsí tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, tí ibòji rẹ̀ sì tẹ́jú, tí kò sí ẹnìkankan lábẹ́ rẹ̀. Èmi àti ọmọ rẹ̀ gbá a mú, ó di ọ̀dọ̀ igi náà. Àfi bí obìnrin alágbọn kan ti figbe ta tí ó sì sáré wá dí wa lọ́nà. Ó na ọwọ́ sí ìdí igi náà, a rí i pé wọ́n fi ọ̀dà pupa yí i ká. Manchineel ni wọ́n ń pe igi náà. Oje rẹ̀ funfun bíi wàrà, ó sì ń bó ènìyàn lára bí iná. Obìnrin náà fà wá lọ sábẹ́ agboòrùn tirẹ̀, ó sì yọ̀ǹda àga gbọọrọ tí ó ń jókòó lé. Ọlọ́run yóò san án fún un.

A tẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. A tú gèlè àti aṣọ tí ó fún un. A rẹ aṣọ sínú omi, a fi nù ún ní ojú, ọrùn àti apá, ìyàwó ọmọ rẹ̀ sì ń fi akẹtẹ̀ tí ó kọ̀ ní òwúrọ̀ fẹ́ ẹ. A ń fún un ní omi díẹ̀díẹ̀. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni òní, níbo ni a sì wà. Ó dáhùn dáadáa, ara rẹ̀ sì tutù fún òógùn. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé kò tíì dé ibi tí ó burú jù. Kí ó tó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó dìde jókòó.

Nígbà náà ni ó fà mí sún mọ́ra, tí ó sì sọ òtítọ́ fún mi. Ó ní, “Àbúrò mi, n kò mu omi láti òwúrọ̀. Mo ní bí mo bá mu ún, níbo ni n ó ti tọ̀ ní ìlú onílùú? O sì mọ̀ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo lò ní àárọ̀ yìí, ó máa ń mú mi tọ̀.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, gbogbo ọ̀rọ̀ wà nínú ìyẹn. Kì í ṣe agídí ni kò jẹ́ kí ó mu omi. Ìtìjú ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ooru ara ènìyàn kò gbọdọ̀ jìnnà sí ìwọ̀n 37. Òógùn ni ara fi í tu ara rẹ̀ nínú, inú ẹ̀jẹ̀ ni omi òógùn sì ti ń wá. Bí a kò bá mu omi dípò èyí tí ó jáde, ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ọpọlọ yóò dínkù, òòyì àti orí fífọ́ yóò sì dé. Oògùn tí í mú ni tọ̀ tún ń bá wọn fa omi náà jáde. Ní ti “ọmọ inú oòrùn,” òtítọ́ ni pé àwọ̀ dúdú ń gbà wá díẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn tí í jó awọ. Kò gbà wá lọ́wọ́ ooru tí ń bẹ nínú ara. Ara a máa kọ́ bí a ti í fara da ooru láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, bí a bá sì lọ gbé inú òtútù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara yóò gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Oṣù mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi lò ní Chicago. Ara rẹ̀ kì í ṣe ara Ìbàdàn mọ́ ní ọjọ́ náà.

Bí ẹni tí ooru mú bá ń sọ ìsọkúsọ, tí gìrì mú un, tí ó dákú, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná janjan dé ìwọ̀n 40, ìyẹn ti kọjá ohun tí a ń fi abẹ̀bẹ̀ wò. Ẹ pe ọkọ̀ tí í gbé aláìsàn lójú ẹsẹ̀. Ní Barbados, 511 ni nọ́ńbà rẹ̀. Kí ó tó dé, ẹ máa da omi tútù sí i lára, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ro omi sí ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tí kò bá sì sàn lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú ìtọ́jú, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ní ti igi manchineel, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín kí wọ́n má fọwọ́ kan igi tí wọn kò mọ̀ ní etí òkun. Èso rẹ̀ dà bí ápù kékeré aláwọ̀ ewé. Dókítà òyìnbó obìnrin kan bù ú jẹ ní Tobago ní ọdún 1999; ó ní ó kọ́kọ́ dùn, kí ó tó di pé ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ata tí ó sì ń fún un. Ẹ má ṣe sá òjò sábẹ́ rẹ̀, nítorí òjò a máa fọ oje rẹ̀ sí ènìyàn lára. Bí ó bá kan ara, ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́ kúrò, ẹ má sì fọwọ́ nu ojú.

Ìmọ̀ràn mi nìyí fún ẹni tí yóò kó ẹbí rìnrìn àjò bẹ́ẹ̀:

Èkínní, ẹ mu omi kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, kí ẹ sì máa mu ún kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Bí ìtọ̀ bá pọ́n bí ẹlẹ́rìndòdò, omi kò tó lára. Omi ẹ̀rọ Barbados dára láti mu. Ọtí kì í ṣe omi o. Ẹni tí dókítà ti ní kí ó dín omi kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, kí ó béèrè ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́wọ́ dókítà kí ó tó lọ.

Èkejì, ibi tí àgbàlagbà yóò ti tọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá ibi tí ẹ ó ti ya àwòrán. Kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un. Ẹ má dúró kí ó béèrè.

Ẹ̀kẹta, ẹ bi dókítà léèrè nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má ṣe fúnra yín dá a dúró.

Ẹ̀kẹrin, ẹ rìn ní àárọ̀. Láti agogo mẹ́wàá sí mẹ́ta, ẹ wá ibòji tàbí ẹ wọ ọkọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le jù ni kí ó máa ṣíwájú, kí àwọn tó kù máa tẹ̀lé ìrìn rẹ̀.

A gbé ẹ̀gbọ́n mi padà sínú ọkọ̀ kí agogo méjì tó lù. Dókítà inú ọkọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí ó sinmi, kí ó sì máa mu omi. Cou-cou náà, a kò débẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni mo ń sọ. Mélòó nínú àwọn ìyá wa ni kì í fẹnu kan omi láti Èkó dé Ìbàdàn, tàbí níbi ìnáwó, nítorí pé wọn kò mọ ibi tí wọn yóò yà sí? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t’àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bu omi fún wọn, kí ẹ sì fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á mu. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n kọ ìwé yìí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ire o.