Níbo ni òǹkàwé Bantè àti Savalou ti lè bẹ̀rẹ̀? Ìtàn ìpayà àgbáńlá-ayé, orúkọ àti àìlórúkọ

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Bantè, tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ Maxi láti Savalou, dá mi dúró lẹ́yìn kíláàsì. Ó fẹ́ mọ ìwé tí òun lè fi bẹ̀rẹ̀ nínú àwọn ìtàn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cosmic horror. Ó ti gbọ́ orúkọ H. P. Lovecraft, ó sì ti rí “The Call of Cthulhu” ní èdè Faransé, ṣùgbọ́n kò kà á parí. Ó ní, “Ọ̀gá, ilé wa ni wọ́n ń bú nínú ìwé yẹn.” Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ìdáhùn náà kò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Ohun tí ó yẹ kí n ti sọ fún un ni mo kọ síbí.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní àbùmọ́ nínú. Ìtàn yẹn jáde nínú ìwé ìròyìn Weird Tales ní oṣù kejì ọdún 1928. Nínú rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá wọ inú irà kan ní Louisiana ní ọdún 1907, wọ́n sì bá àwọn èèyàn kan níbi tí wọ́n ti ń bọ ohun abàmì. Àwọn tí wọ́n mú níbẹ̀, òǹkọ̀wé kò jẹ́ kí a gbàgbé pé ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ dúdú wà lára wọn, ọ̀rọ̀ tó sì kọ́kọ́ fi ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe ni “voodoo”. Ọ̀rọ̀ Gbe ni vodun. Ní Savalou, ẹ̀sìn ni, ọ̀rọ̀ ilé ni, Benin sì ya ọjọ́ ìsinmi sọ́tọ̀ fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ nínú oṣù kìn-ín-ní. Bí ọmọ Savalou bá ṣí ìwé náà, kì í ṣe àga òǹkàwé ni a gbé fún un. Inú irà ni a fi í sí, pẹ̀lú àwọn tí a ń dẹ̀rù bani pẹ̀lú wọn. Ìkórìíra tí Lovecraft ní sí àwọn ẹ̀yà mìíràn hàn nínú lẹ́tà rẹ̀ àti nínú ìtàn rẹ̀, n kò sì rò pé ó yẹ kí olùkọ́ fi “bí ayé ìgbà náà ṣe rí nìyẹn” bò ó mọ́lẹ̀. Victor LaValle, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, kò bò ó: ní 2016, nínú The Ballad of Black Tom, ó tún “The Horror at Red Hook” ti Lovecraft sọ láti ojú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan. Ẹni tó bá fẹ́ padà sí Cthulhu lọ́jọ́ iwájú, kí ó ka ti LaValle ná.

Kí ni ìpayà yìí gan-an?

Kì í ṣe ìtàn òkú tó ń rìn, kì í sì í ṣe ìtàn àjẹ́. Òkú tó padà wá máa ń ní ẹjọ́: wọ́n pa á, wọn kò sin ín, tàbí wọ́n jẹ ẹ́ lógún. Àjẹ́ mọ ẹni tó ń bá jà. Nínú irú ìtàn tí à ń sọ yìí, ohun tó dé kò bá wa ṣọ̀tá, kò tilẹ̀ mọ̀ pé a wà. Bí àgbẹ̀ ṣe ń kọ ebè tí kò wo ẹ̀yìn bóyá ọkọ́ òun ba ilé èèrà jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ohun náà ṣe ń kọjá lórí ọmọ ènìyàn. Arthur Machen ti ń fọwọ́ kan irú rẹ̀ nínú The Great God Pan ní 1894, Robert W. Chambers nínú The King in Yellow ní 1895, Algernon Blackwood sì kọ “The Willows” ní 1907, èyí tí èmi fúnra mi fẹ́ràn ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Lovecraft lọ: ọkùnrin méjì, ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, erékùṣù oníyanrìn tí odò ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tí a bú níbẹ̀.

Fún wa tí a ń kọ́ nípa èdè, ibi kan wà tí ó yẹ kí a dúró díẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé máa ń fi ẹni tí ẹ̀rù ń bà ṣe olùwà gbólóhùn. Nínú “ẹ̀rù ń bà mí”, ẹ̀rù ni olùwà, èmi ni àbọ̀. Ó ń wuni láti sọ pé gírámà Yorùbá ti gba ẹ̀kọ́ Lovecraft kí ó tó dé. Ẹ jẹ́ kí a rọra. Ebi ń pa mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, oorun ń kùn mí, bákan náà ni wọ́n rí, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé oorun jẹ́ ìpayà àgbáńlá-ayé. Ohun tí a lè sọ ni pé olùtumọ̀ kò ní í wá gbólóhùn tó fi ènìyàn sí ipò ẹni tí nǹkan ń ṣe tì. Èdè ti gbé e kalẹ̀ fún un.

Àwọ̀ tí kò ní nǹkan

Ibi tí màá ní kí òǹkàwé tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ni “The Colour Out of Space”, tó jáde nínú Amazing Stories ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1927. Jacques Papy túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, ilé ìtẹ̀wé Denoël sì gbé e jáde ní 1954 pẹ̀lú àkọlé La Couleur tombée du ciel. Oko ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Òkúta kan já láti ojú ọ̀run sí ẹ̀gbẹ́ kànga àgbẹ̀ kan. Lọ́dún yẹn èso igi tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń dán, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bu ún jẹ, ó korò. Lẹ́yìn náà ni koríko, lẹ́yìn náà ẹran ọ̀sìn, lẹ́yìn náà àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò kó kúrò. Omi kànga náà ni wọ́n ṣì ń mu. Ẹni tó bá dàgbà sí ibi tí wọ́n ti ń gbin iṣu àti kajú, tí ó mọ ohun tí kànga jẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò nílò kí a ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi lọ. Mo ti rí àwọn òǹkàwé ìlú ńlá tí wọ́n ń bínú sí àgbẹ̀ náà pé ó yadi. N kò tíì rí ọmọ àgbẹ̀ tó bínú sí i.

Ohun tó wá wà nínú òkúta náà ni àwọ̀ kan tí kò sí láyé. Àwọn ará ìtàn pè é ní àwọ̀ nítorí pé wọn kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ibí ni ìtumọ̀ sí Yorùbá ti dùn mọ́ mi jù. Berlin àti Kay, nínú iṣẹ́ wọn ti 1969, ka ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ fún àwọ̀ dé mọ́kànlá nínú Gẹ̀ẹ́sì. Tiwa mẹ́ta la mọ̀ bí ẹni mowó: funfun, pupa, dúdú. Ìyókù, nǹkan la fi ń júwe wọn: àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú, àwọ̀ ojú ọ̀run. Nítorí náà, fún ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọ̀ tí kò lórúkọ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tó sọnù nínú ìwé atúmọ̀-èdè. Fún wa, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ti sọ “àwọ̀”, àpólà náà ń retí ọ̀rọ̀-orúkọ tí yóò tẹ̀ lé e, nǹkan kan tí ó wà láyé tí a lè nàka sí. Kò sí nǹkan náà. Àyè rẹ̀ ṣófo nínú gbólóhùn. Olùtumọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi àyè náà sílẹ̀ ní ṣíṣófo, kò ní í sáré lọ fi “àràmàǹdà” dí i.

Ó tún ní láti ṣọ́ra fún arọ́pò-orúkọ. Ní ìparí, Gẹ̀ẹ́sì lè fi “it” dípò “he” tàbí “she” láti fi hàn pé ohun tó kù nínú yàrá kì í ṣe ènìyàn mọ́. “Ó” tiwa kò mọ ìyàtọ̀ yẹn. Olùtumọ̀ yóò ní láti pe ìyàwó ilé náà ní “ohun náà” níbi kan, àfiyèsí òǹkàwé yóò sì lọ síbẹ̀. (Ẹ sì fi àmì ohùn sí i: “awo” tí kò ní àmì lè di àwọ̀, awọ, àwo tàbí awo tí ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ mọ̀.)

Fágúnwà ńkọ́?

Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ yìí ló máa ń dárúkọ Fágúnwà. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, ọdún kan lẹ́yìn ikú Lovecraft, Agbákò inú rẹ̀ sì ní ojú mẹ́rìndínlógún. Kò sí ẹni tí kò ní í bẹ̀rù. Síbẹ̀ n kò kà á mọ́ irú ìtàn yìí. Àkàrà-ògùn mọ orúkọ ohun tó ń bá jà, wọ́n ń sọ̀rọ̀ síra wọn, Ọlọ́run sì wà lórí gbogbo wọn. Ẹ wo orúkọ àwọn akọni tó bá a lọ sí Òkè Láńgbòdó: Kàkó, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀, Àràmàdà-okùnrin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣeé tú palẹ̀ bí gbólóhùn. Lovecraft ṣe òdìkejì rẹ̀. Ó fẹ́ kí “Cthulhu” jẹ́ ìró tí ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn kò lè pè. Sílébù tiwa kì í gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì. Bí a bá fi fáwẹ̀lì là á, ó di Kutúlù, ó sì dàbí orúkọ abúlé kan lójú ọ̀nà Bassila. Ẹ̀rù tán.

Ibi tí èdè wa ti sún mọ́ ìpayà yẹn jù, lójú tèmi, ni àdàpè. Ṣọ̀pọ̀ná, a kì í pè é bẹ́ẹ̀ lójú ọjọ́. Olóde la ń pè é, tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná. Àwọn tó ń sọ Fọn, tí wọ́n mọ̀ ọ́n ní Sakpata, ń pè é ní oní-ilẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnu kò lè pe orúkọ náà. Ẹnu lè pè é dáadáa, ohun tó bani lẹ́rù sì nìyẹn.

Ìṣòro mìíràn wà fún ọmọ Bantè tó bá fẹ́ ka Fágúnwà, èyí kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ẹbọra. Ìcà tí wọ́n ń sọ ní Bantè jẹ́ ìbátan Yorùbá, ṣùgbọ́n àkọtọ́ Benin yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà. Níbi tí a ti ń kọ ẹ, ọ, ṣ àti p, wọ́n ń kọ ɛ, ɔ, sh àti kp. Ìpayà yóò di ìkpayà, ọdẹ yóò di ɔdɛ. Ìyàtọ̀ kékeré ni lójú onímọ̀ èdè. Fún ẹni tó kọ́ ìwé kíkà ní Faransé, tó sì ń ka “p” bí ará Faransé ṣe ń kà á, ó tó láti mú kí ó rò pé èdè àjèjì ni. Ìmọ̀ràn mi ni kí ẹlòmíràn kà á sókè fún un ní ogójì ojú ewé àkọ́kọ́. Bí kò bá sí ẹni tí yóò kà á, Tutùọlá wà: Raymond Queneau túmọ̀ The Palm-Wine Drinkard sí L'Ivrogne dans la brousse ní 1953, ọdún kan péré ṣáájú La Couleur tombée du ciel. Ó wá ku Le Chant du lac ti Olympe Bhêly-Quenum, ọmọ Ouidah, tó jáde ní 1965. Àwọn òrìṣà adágún tó ń dẹ́rù ba gbogbo abúlé wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn pa wọ́n. Mo máa ń fi í ṣe ìkẹta, nítorí pé lẹ́yìn rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè ohun tí ó kù bí òrìṣà bá ṣeé pa.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ka ti àwọ̀ náà tán. Ó ní òun ń sọ ọ́ fún ìyá òun ní Ìcà, alẹ́ kan fún apá kan, òun sì ń gbà á sílẹ̀ sórí fóònù. Nígbà tó dé ibi òkúta, ìyá náà dá a dúró, ó bi í pé àwọ̀ kí ni. Ó gbìyànjú ìdáhùn mẹ́ta, ìyá náà kò gba ọ̀kankan. Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ohun tó gbà sílẹ̀, a ó sì kọ wọ́n jáde ní àkọtọ́ Benin fún ìdìpọ̀ tó ń bọ̀.