Ọ̀pọ̀lọ́ Orí Òkè Ìdànrè

Ẹ̀yin olùkà wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó tí ẹ ń kó àwọn ọmọ lọ wo ààfin àtijọ́ lórí Òkè Ìdànrè, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ilẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí a gun àtẹ̀gùn náà, tí ó lé ní 600, àwọn ọ̀dọ́ ń sáré, àwa sì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan ń bẹ níbẹ̀ tí a kò tí ì rí níbòmíràn ní gbogbo ayé. Ọ̀gbẹ́ni Schiøtz kọ nípa rẹ̀ ní 1963; lẹ́yìn èyí, ó ju 40 ọdún lọ kí Ọ̀mọ̀wé Onadeko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kéde ní 2014 pé àwọn tún ti rí i. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún. Ara àpáta tí omi díẹ̀ ń ṣàn lé ni wọ́n lẹ̀ mọ́. Bàtà ènìyàn kan tó láti tẹ ogún nínú wọn pa. Ọmọdékùnrin kan tilẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ sókè kí a tó fà á sẹ́yìn.

Ìgbà òjò ni ó yẹ kí ẹ lọ, ṣùgbọ́n àpáta a máa yọ̀.