ÌGBÌ ABẸ́ ÒKUN, ÀTI BÍ Ó TI Ń YÍ Ọ̀NÀ ÌRÓ PADÀ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Ìjerò, Aràmọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ẹ ó ti ṣe àkíyèsí pé ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ìgbà ọyẹ́, ẹni tí ó wà ní oko àfonífojì a máa gbọ́ agogo ìlú kedere láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀sán gangan, agogo kan náà lè dún kí ó má gbọ́ ọ rárá. Agogo kò yí padà, etí kò sì di. Afẹ́fẹ́ ni ó yí padà.

Ìdí rẹ̀ nìyí: ìró a máa yára nínú ohun gbígbóná ju nínú ohun tútù lọ, a sì máa tẹ̀ sí apá ibi tí ìrìn rẹ̀ ti ń falẹ̀. Ní òwúrọ̀, afẹ́fẹ́ tútù sùn sí àfonífojì, èyí tí ó móoru sì wà lókè rẹ̀. Nítorí náà ìró a tẹ̀ wá sílẹ̀, sí etí wa. Ní ọ̀sán, oòrùn ti mú ilẹ̀ gbóná. Ìró a tẹ̀ sókè, a sì gba orí wa kọjá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú omi. Ní 1826, Colladon mú kí a lu agogo kan sábẹ́ omi adágún Geneva, ó sì gbọ́ ọ ní ibi tí ó jìnnà ju máìlì 8 lọ. Ìró náà rìn ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4,700 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú afẹ́fẹ́, nǹkan bí 1,100 péré ni.

Ní òkun wa, omi òjò àti ti odò Ọya, tí ó fúyẹ́ tí oòrùn sì ti mú gbóná, a máa léfòó lórí omi tútù tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀. Ẹ bu omi sí ìgò dé ìdajì, ẹ da òróró lé e títí yóò fi kún, ẹ dé e, kí ẹ sì rọra gbé e síhìn-ín sọ́hùn-ún: ẹ ó rí ìgbì tí ń rìn jẹ́jẹ́ níbi tí omi àti òróró ti pàdé. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ wà nínú òkun. Bí òkun ti ń kún tí ó sì ń fà, omi a máa kọlu gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ ìsàlẹ̀, ààlà omi méjèèjì a sì di ìgbì. Ní àwọn òkun mìíràn, ó lè ga ju ẹsẹ̀ bàtà 300 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ojú òkun pa rọ́rọ́. Bí ìgbì náà bá ti ń gbé ààlà sókè tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ọ̀nà ìró a máa yí pẹ̀lú rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìró kíkan lè di fẹ́ẹ́rẹ́, kí ó sì tún padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní 1943, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Nàìjíríà wọ ọkọ̀ lọ sí Índíà, kí wọ́n tó lọ jà ní Burma. Ní ìgbà ogun náà, àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi ti Jámánì ń tẹ ọkọ̀ rì ní òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ọkọ̀ ogun tí ń ṣọ́ ọkọ̀ èrò a máa rán ìró sínú omi, wọn a sì dẹtí sí èyí tí ó bá ta padà lára ọ̀tá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá sá sábẹ́ ààlà omi tútù, ìró lè tẹ̀ kọjá lára rẹ̀. Ẹni tí ń dẹtí a sì rò pé òkun ṣófo, nígbà tí ikú wà nítòsí.

Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ibi tí ó dákẹ́ kò ní ewu. Bí iná bá ràn ní oko lọ́sàn-án ìgbà ọyẹ́, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé igbe nìkan. Ẹ gun òkè kí ẹ tó ké, kí ẹ sì rán ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá lọ sí oko aládùúgbò.