Ohun tí Ìsọ̀ Ẹran Bódìjà Lè Kọ́ Wa Nípa Ara Wa

Ọ̀rọ̀ tissue máa ń sú ọ̀pọ̀ nínú wa ní kíláàsì Biology, torí pé inú ìwé nìkan la ti ń rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti rán lọ ra ẹran ní ọjà Bódìjà rí ti fi ojú ara rẹ̀ rí tissue, kò kàn mọ̀ ni. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jọra, tó kóra jọ láti ṣe iṣẹ́ kan náà, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Oríṣi mẹ́rin ló wà. Méjì ni mo fẹ́ sọ: iṣan, àti epithelium, ìyẹn ìbòrí tó bo ìta ara, tó sì tún tẹ́ sí inú ìfun, ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ ní sùúrù fún mi dé orí èkejì yẹn, torí ó kan ojú àwọn kan nínú wa.

Yorùbá máa ń pe nǹkan púpọ̀ ní iṣan: èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, èyí tó so ẹran mọ́ egungun. Èyí tí mò ń wí ni ẹran pupa gan-an, irú itan màlúù tí alápatà ń gé lórí tábìlì. Skeletal muscle nìyẹn. Fọ́nrán tín-ín-rín méjì wà nínú rẹ̀, actin àti myosin. Wọ́n á wọ́ kọjá lára ara wọn, iṣan á sún kì, á sì fa egungun. Fífà nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe, kò lè ti nǹkan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní méjì méjì: ti iwájú apá á ká apá, ti ẹ̀yìn á nà án. Wọ́n lé ní 600 lára èèyàn.

Ọkàn màlúù náà jẹ́ iṣan, ṣùgbọ́n cardiac muscle ni. A kì í pàṣẹ fún un, síbẹ̀ tèèyàn ń lù tó 100,000 ìgbà lójúmọ́. Ìfun tí wọ́n ń wé bíi òrùka, tí gbogbo wa ń pè ní roundabout, smooth muscle ló wà lára tirẹ̀. Òun ló ń ti oúnjẹ lọ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ jókòó WAEC, skeletal àti cardiac ní ìlà lára lábẹ́ máíkírósíkópù, smooth kò ní.

Ó yá, ẹ mú ṣàkì. Awọ dúdú tí wọ́n ń fi omi gbígbóná bó kúrò lójú rẹ̀, epithelium nìyẹn. Ohun tó kù tó ń bá eyín wa jà, iṣan ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Iná ti jó epithelium tiẹ̀ pẹ̀lú irun, wọ́n sì ti ha á dànù. Abẹ́ awọ là ń jẹ, tissue mìíràn pátápátá ni.

Epithelium kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan nínú. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fún mọ́ra bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, ìpele kan péré ni, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá. Ní ọ̀nà ọ̀fun, ó ní irun wẹ́wẹ́ tó ń gbá eruku jáde; ẹni tó bá ń dúró de mọ́tò ní Challenge lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ń fún wọn níṣẹ́ ṣe dáadáa! Ní ara awọ, ìpele rẹ̀ pọ̀, ti òkè pátápátá sì ti kú. Ti inú ìfun máa ń pààrọ̀ ara rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ti awọ máa ń gbà tó oṣù kan.

Ìpele tó wà nísàlẹ̀ epithelium awọ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe melanin wà. Melanin ló sọ wá di dúdú, òun ló sì ń gba oòrùn dúró fún wa. Ohun tí ìpara abóra ń bá jà nìyẹn. Hydroquinone máa ń dá iṣẹ́ melanin dúró. Mercury, tó wà nínú àwọn kan, máa ń gba ara awọ wọlé, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni steroid tó lágbára, irú clobetasol, tí àwọn kan ń pò mọ́ ìpara nínú ike tí kò ní orúkọ. Bó bá pẹ́ lára, awọ á fẹ́lẹ́, egbò kì í tètè jinná, okùn tí dókítà fi rán awọ sì lè fà á ya. Ẹ wá fojú inú wò ó bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ti ń lò ó, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra send-off sílẹ̀. N kò bá yín jà o. Bó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń lo èyí tó ní steroid, ẹ má kàn já a sílẹ̀ lójijì, torí ojú lè pọ́n, kó wú, kó sì máa ta yín bí iná. Ẹ sọ fún àwọn òbí yín, kí wọ́n mú yín lọ rí dókítà awọ ní UCH, kẹ́ ẹ sì gbé ike ìpara náà dání kó lè wò ó.