Agbábọ́ọ̀lù Keje: Bí Ikọ̀ Tuntun Ṣe Ń Kó Èèyàn Jọ ní WNBA

Láti ìgbà tí WNBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn obìnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti kéde pé Cleveland, Detroit àti Philadelphia yóò ní ikọ̀ tiwọn láàárín 2028 sí 2030, ọ̀rọ̀ owó ló gba ẹnu gbogbo èèyàn. Ìròyìn ní 250 mílíọ̀nù dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa san kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún wọn, bẹ́ẹ̀ 50 mílíọ̀nù ni Golden State Valkyries, ikọ̀ tuntun San Francisco, san ní 2023. Toronto Tempo àti Portland Fire ti gba àyè tiwọn ṣáájú, fún sáà 2026. Bí ètò náà bá lọ bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀, ikọ̀ 18 ni yóò wà ní líìgì yìí ní 2030.

Kò sí kọ́bọ̀ nínú owó yẹn tó ra agbábọ́ọ̀lù kankan. Líìgì àti àwọn tó ni ín ló ń pín in. Ibí yìí ló ti máa ń dojú rú fún ẹni tó bá ń fi ojú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà. Ní Yúróòpù, ikọ̀ tó bá rí já jẹ lè lọ bá ikọ̀ mìíràn, kó kó owó kalẹ̀, kó sì mú ẹni tó wù ú lọ. Ní Amẹ́ríkà, pàṣípààrọ̀ ni wọ́n ń ṣe: èèyàn sí èèyàn, tàbí èèyàn sí ẹ̀tọ́ àtiyan ọ̀dọ́ lọ́jọ́ iwájú. Owó tí ikọ̀ lè san fún gbogbo agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ pàápàá ní òdiwọ̀n. Ní WNBA lọ́dún 2025, nǹkan bíi 1.5 mílíọ̀nù dọ́là ni. Olówó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àyè wọ líìgì ní orúkọ, ó ní pápá, ó ní aṣọ, ṣùgbọ́n kò ní èèyàn.

Ìdí nìyí tí expansion draft, ètò tí ikọ̀ tuntun fi ń yan agbábọ́ọ̀lù lára àwọn tó wà lọ́dọ̀ àwọn ikọ̀ àtijọ́, fi wà. Orúkọ àwọn tí ikọ̀ tuntun yàn ni àwọn oníròyìn máa ń gbé sókè lọ́jọ́ náà, àmọ́ inú ìwé mìíràn tí aráàlú kì í sábà rí ni gbogbo iṣẹ́ wà: orúkọ àwọn tí àwọn ikọ̀ àtijọ́ fi pamọ́. Nígbà tó kan Valkyries ní oṣù Kejìlá 2024, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ikọ̀ 12 tó wà nílẹ̀ láǹfààní láti kọ orúkọ èèyàn 6 sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Nínú àwọn tó ṣẹ́ kù, Valkyries kò lè mú ju ẹyọ ẹnì kan lọ lọ́dọ̀ ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ẹni tó dé òde ìnáwó lẹ́yìn tí alásè ti gbé ẹran tó dára jù wọ yàrá: oúnjẹ ṣì wà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni yóò fi bù ú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní 2024, ikọ̀ WNBA kan kì í ní ju agbábọ́ọ̀lù 12 lọ. Bí wọ́n bá fi 6 pamọ́, nǹkan bí ìdajì líìgì ló wà níta. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àwọn tó wà níta yìí ni ikọ̀ wọn ò fẹ́ mọ́, èrò yẹn kò sì tọ̀nà. Iye kan náà ni òfin fún gbogbo ikọ̀, ikọ̀ tó gba ife-ẹ̀yẹ àti ikọ̀ tó ṣe ìgbẹ̀yìn. Ẹni keje nílé àwọn akọni lè sàn ju ẹni kẹta nílé àwọn tí wọ́n ń lù kiri. Ikọ̀ tó lágbára ni òfin yìí ń dùn jù, torí òun ló ní ju èèyàn 6 tó fẹ́ dì mú.

Kayla Thornton ni kí ẹ wò. New York Liberty gba ife-ẹ̀yẹ ní oṣù Kẹwàá 2024. Thornton wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìjókòó ló ti máa ń dìde wọlé, lẹ́yìn àwọn ìràwọ̀ tí orúkọ wọn wà lára ògiri. Nígbà tí orúkọ 6 pé, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ohemaa Nyanin, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ghana, ló ń yan èèyàn fún Valkyries. Lọ́dọ̀ Liberty gan-an ló ti ṣiṣẹ́ kó tó wá síbẹ̀. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí Thornton lè ṣe fún un. Ní oṣù Keje 2025, Thornton ti di ẹni àkọ́kọ́ láti Valkyries tí wọ́n pè sí ìdíje àwọn ìràwọ̀, kó tó di pé orúnkún dá a dúró.

Ti Veronica Burton tún ya ni lẹ́nu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dallas ló kọ́kọ́ mú un ní 2022, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀ ní 2024. Connecticut gbà á, ó ń gba nǹkan bíi ojú àmì 3 wọlé nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì fi í pamọ́. Lọ́dọ̀ Valkyries, ó súnmọ́ 12, ó sì ń pín bọ́ọ̀lù 6 tó di àmì ayò nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Òun ni líìgì fún ní àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó tẹ̀síwájú jù ní 2025.

Àwọn òǹkàwé wa á ti mọ orúkọ ẹni tí wọ́n mú lọ́dọ̀ Indiana Fever, ikọ̀ Caitlin Clark. Tèmi Fágbénlé ni. Ọmọ Yorùbá ni, wọ́n bí i sí Baltimore, ó dàgbà sí London; Túndé Fágbénlé, akọ̀ròyìn tí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn Punch mọ̀, ni bàbá rẹ̀, òṣèré O-T Fagbenle sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Britain ní Òlíńpíìkì 2012, ó gba ife WNBA pẹ̀lú Minnesota Lynx ní 2017, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó mú kí London Lions gba EuroCup ní 2024. Ẹni ọdún 32 tó ga tó ìwọ̀n mítà 1.93 ni nígbà tí wọ́n mú un, ó ti ṣe iṣẹ́ náà káàkiri ayé. Fún ikọ̀ tuntun tó ń wá àgbà tí yóò ṣe olórí, kò tíì dàgbà jù; fún ikọ̀ tó ní ìràwọ̀ ọ̀dọ́ tó fẹ́ dáàbò bò, kò lè wọ inú 6.

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyèsí. Ẹ̀tọ́ lórí agbábọ́ọ̀lù ni ikọ̀ tuntun ń gbà. Kò túmọ̀ sí pé ẹni náà yóò yọjú. Carla Leite, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kò tíì gbá bọ́ọ̀lù kankan ní WNBA nígbà tí Valkyries mú un lọ́dọ̀ Dallas. Ó wá ní 2025, ó sì wúlò. Ní 1995, nígbà tí NBA àwọn ọkùnrin gba Toronto Raptors wọlé, B.J. Armstrong tó ti gba ife mẹ́ta pẹ̀lú Chicago Bulls ni wọ́n kọ́kọ́ yàn. Armstrong lóun ò lọ sí Toronto. Wọ́n ní láti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ kí wọ́n tó rí nǹkan gbà nídìí rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń dúnàádúrà lábẹ́lẹ̀. Ní 1988, nígbà tí Miami Heat ń wọ NBA bọ̀, ikọ̀ àwọn ọkùnrin Dallas kò fẹ́ kí wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó fún Miami ní ẹ̀tọ́ àtiyan ọ̀dọ́ ní ìpele àkọ́kọ́, Miami sì yan Arvid Kramer, ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù ní NBA mọ́ láti 1980. Kramer kò wá, kò sì sẹ́ni tó retí rẹ̀. Kevin Edwards tí Miami fi ẹ̀tọ́ yẹn yàn ló wọ aṣọ fún wọn. Bí ẹ bá rí orúkọ àjèjì kan nínú irú ètò yìí, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi dí ikọ̀ náà lẹ́nu.

Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n yìí, ìyà ló sábà máa ń jẹ àwọn ẹni tuntun. Miami borí nínú ìdíje 15, wọ́n sì pàdánù 67 ní sáà wọn àkọ́kọ́. Vancouver Grizzlies ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́ ní 1995 sí 1996. Charlotte Bobcats borí 18 péré ní 2004 sí 2005. Ní WNBA, Chicago Sky borí 5 nínú 34 ní 2006, Atlanta Dream borí 4 ní 2008. Valkyries borí 23, wọ́n sì pàdánù 21 ní 2025. Àwọn ni ikọ̀ tuntun àkọ́kọ́ ní WNBA tó wọ ìdíje ìyọkúrò ìparí sáà (playoffs) ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, kí Minnesota tó fi ojú àmì kan ṣoṣo, 75 sí 74, lé wọn sílé. Wọ́n fún Natalie Nakase, akọ́nimọ̀ọ́gbá Valkyries, ní àmì-ẹ̀yẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dára jù lọ́dún náà.

Wọ́n kò dẹwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n yan èèyàn 11 tán. Wọ́n gba Tiffany Hayes, wọ́n gba Janelle Salaün láti Faransé, wọ́n sì ń yọ ẹni tí kò bá bá ètò mu. Julie Vanloo, tí wọ́n mú lọ́dọ̀ Washington, lọ gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìdíje Yúróòpù ní oṣù Kẹfà 2025. Bẹ́ljíọ̀mù gba ife. Bí ó ṣe padà sí San Francisco báyìí ni wọ́n sọ fún un pé kò sí àyè fún un mọ́.

Kí ló wá jẹ́ kí Valkyries yàtọ̀? Ẹ̀rí kò pọ̀, sáà kan ṣoṣo ni. Àmọ́ ó jọ pé ìdáhùn wà nínú iye àyè tó wà nílẹ̀. Ikọ̀ 12, èèyàn 12: àyè 144 péré ló wà fún gbogbo àwọn obìnrin tó mọ eré yìí lágbàáyé ní 2024. Àwọn tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ níta pọ̀ ju àyè lọ, Valkyries nìkan ló sì wá ṣà wọ́n lọ́dún náà. Ní ti Toronto àti Portland, ìgbà kan náà ni wọ́n wọlé fún sáà 2026, wọ́n sì ní láti du ohun kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Kò dájú pé ẹni keje tó dùn bẹ́ẹ̀ yóò ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí ikọ̀ bá di 18. Cleveland, tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní 2028, ní sáà méjì gbáko láti wo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí Toronto àti Portland kó tó kan tirẹ̀.