Áàpù tó ń ránni létí iṣẹ́ pọ̀ lórí fóònù, èwo ni kò ní dójú tì wá?

Nǹkan méjì ló máa ń lé oníbàárà lọ lọ́dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́. Èkíní ni pé kò mọ iṣẹ́. Èkejì, tó wọ́pọ̀ ju èkíní lọ, ni pé ó mọ iṣẹ́ bí ẹní mowó, àmọ́ kì í mú àdéhùn ṣẹ.

Ẹ wo télọ̀ tó gba aṣọ ẹbí lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ó kọ ìwọ̀n ẹnì kan sínú ìwé, ó ní kí ẹnìkejì fi tiẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹnìkẹta sì pè é pé ìnáwó tí àwọn fi sí ìparí oṣù ti di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó bá wá di ọjọ́ Ẹtì tí òde ku ọ̀la, ariwo á sọ. "Ẹ má bínú mà, NEPA ni ò mú iná wá." Irọ́ ni. Ó gbàgbé ni. Kó tó rán aṣọ ọ̀hún tán lọ́sàn-án Sátidé, aṣọ ò bá Ọ̀mọ́yẹ mọ́, Ọ̀mọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà.

Kì í ṣe télọ̀ nìkan lọ̀rọ̀ yìí bá wí o. Olùkọ́ tó ní ìwé ìdánwò láti máàkì, ẹni tó ń ta ọjà lórí Instagram, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì, ìyá tó gbọ́dọ̀ rántí owó ilé ìwé, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá ọkọ rẹ̀, ẹrù kan náà ni gbogbo wọn ń rù. Ìdí nìyẹn tí àwọn áàpù tó ń báni to iṣẹ́ fi kún orí fóònù: Google Tasks, Microsoft To Do, Todoist, TickTick, Trello, Notion, títí lọ. Èwo wá ni kéèyàn mú nínú wọn?

Èrò tèmi rèé, kí n tó máa ṣàlàyé. Ẹ má fi ẹwà yan áàpù. Èyí tó yẹ yín ni èyí tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí gbogbo àdéhùn tó wà lọ́rùn yín lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ tó tún ṣe àdéhùn mìíràn. Gbogbo nǹkan yòókù, ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Káàdì alájọ ti ń ṣe é tipẹ́

Ọ̀rọ̀ ìrántí kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Ẹ wo káàdì alájọ. Ojú ilé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lára ẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù. Tẹ́ ẹ bá ti dáwó, alájọ á fi bírò sàmì sí i. Kò sí bátìrì, kò sí dátà, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti mọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dá àti iye tó kù. Ohun tí káàdì yẹn ń ṣe náà ló yẹ kí áàpù ṣe: kó fi ohun tó ti parí àti ohun tó kù hàn, láìjẹ́ pé à ń wá a kiri.

Àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ náà ti wo ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1927, Bluma Zeigarnik, tó ń ṣèwádìí nílùú Berlin, kọ ọ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n dá dúró láàárín máa ń wà lọ́kàn èèyàn ju èyí tó ti parí lọ. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ló ń múni ṣàárẹ̀, èyí tá ò tíì ṣe gan-an ń jẹ́ kórí gbóná. Lọ́dún 2011, E. J. Masicampo àti Roy Baumeister wá rí i pé téèyàn bá ti ṣètò pàtó nípa ìgbà àti ọ̀nà tó máa gbà ṣe nǹkan, ọkàn á fúyẹ́, bí nǹkan ọ̀hún ò tiẹ̀ tíì parí.

Ìtumọ̀ ẹ̀ fún àwa ni pé kéèyàn kàn kọ "aṣọ ìyá Bọ̀dé" sílẹ̀ ò tó. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Gé aṣọ ìyá Bọ̀dé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá àárọ̀." Tí òde bá jẹ́ Sátidé, ẹ má fi Sátidé síbẹ̀. Ẹ fi Ọjọ́rú síbẹ̀, kí àyè lè wà fún iná tó lọ àti ẹ̀rọ tó bàjẹ́.

Ìdánwò mẹ́ta kẹ́ ẹ tó gbà á

Àkọ́kọ́, ẹ pa dátà. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi kún owó ìpè àti owó dátà, àmọ́ kó má ju ìdá 50 nínú 100 lọ. Dátà ò sì sí lórí fóònù mẹ̀kúnnù ní gbogbo ìgbà mọ́. Torí náà, ẹ pa á, ẹ kọ iṣẹ́ kan sínú áàpù náà, ẹ ní kó pè yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, kẹ́ ẹ sì fi fóònù sílẹ̀. Tí kò bá dún, ẹ wo sẹ́tìńgì bátìrì yín, nítorí ọ̀pọ̀ fóònù Android máa ń pa áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ kí bátìrì lè pẹ́. Ẹ fún un láyè níbẹ̀, kẹ́ ẹ tún dán an wò. Tó bá ṣì dákẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Kí la fẹ́ fi agogo tí kì í dún ṣe?

Ìkejì, ẹ wo owó rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn áàpù yìí ló ní apá ọ̀fẹ́ àti apá olówó, dọ́là ni wọ́n sì fi ń ṣírò owó wọn. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí 460 náírà ni dọ́là kan lójú ìjọba. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: áàpù tó bá ń gba dọ́là márùn-ún lóṣù, 2,300 náírà ni nígbà yẹn, ó wá di 7,500 láìjẹ́ pé wọ́n fi nǹkan kan kún un. Ká má tíì sọ ti ọdún 2022, tí ọ̀pọ̀ báńkì dá káàdì náírà dúró lórí owó téèyàn fẹ́ san sókè òkun. Ẹni tó bá ti kó gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ sínú apá olówó, tí káàdì ò wá ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́ yẹn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ lo ọ̀fẹ́ fún oṣù kan gbáko. Tẹ́ ẹ bá lò ó lójoojúmọ́ fún oṣù kan, tẹ́ ẹ rí i pé ohun kan wà tí ọ̀fẹ́ ò ṣe, nígbà náà lẹ tó lè sọ̀rọ̀ owó.

Ìkẹta, ẹ wo ọ̀nà àbájáde. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ Wunderlist, iléeṣẹ́ kan ní Berlin ní Jámánì ló ṣe é, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Lọ́dún 2015, Microsoft rà á. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún 2020, wọ́n tì í pa. Lóòótọ́, Microsoft ṣe ọ̀nà téèyàn lè gbà kó iṣẹ́ ẹ̀ lọ sínú Microsoft To Do, àmọ́ ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ilé àyágbé ni áàpù. Onílé lè tà á, ó sì lè wó o. Kẹ́ ẹ tó kẹ́rù wọlé, ẹ bèèrè bóyá ẹ lè rí ẹrù yín kó jáde lọ́jọ́ tó bá di pé ẹ ń lọ.

Èwo wá ni?

Tó bá jẹ́ pé nǹkan kéékèèké lẹ fẹ́ máa rántí, bíi kẹ́ ẹ san owó iná, kẹ́ ẹ pe kọ́misọ́nà, kẹ́ ẹ ra oògùn, Google Tasks ti tó. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ti ń lo Gmail ti ní in lọ́wọ́, iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá sì fọjọ́ sí máa ń hàn lórí Google Calendar. Kò ní àrà kankan tó fẹ́ dá, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó rọrùn.

Microsoft To Do náà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè so àwòrán mọ́ iṣẹ́, ẹ sì lè jọ lo ìwé iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọṣẹ́ yín. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ ni ojú ewé tí wọ́n ń pè ní "My Day". Ní alaalẹ́ ni ojú ewé yẹn máa ń ṣófo. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa mú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà síbẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ogójì ń dẹ́rù bà á rí mẹ́rin péré tó máa dojú kọ lónìí.

Trello yàtọ̀. Ọdún 2011 ló dé, iléeṣẹ́ Atlassian sì rà á lọ́dún 2017. Pátákó ni, àwọn káàdì ló wà lórí ẹ̀, ẹ sì máa ń ti káàdì láti apá kan lọ sí apá kejì. Ọ̀nà yìí fara jọ kanban táwọn tó ń ṣe mọ́tò Toyota lò ní ilé iṣẹ́ wọn ní Japan. Fún télọ̀, káfíńtà tàbí mẹkáníìkì, mi ò rò pé ohun tó dáa jù ú lọ wà. Ẹ kọ ọ̀wọ́ mẹ́rin síbẹ̀: "Ó ti wọlé", "À ń ṣe é lọ́wọ́", "Ó ti parí", "Wọ́n ti gbé e lọ". Aṣọ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tiẹ̀. Tí káàdì bá pọ̀ jù lábẹ́ "Ó ti wọlé", kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀.

Todoist, tí Amir Salihefendić bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007, dáa fún ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ pọ̀ tó sì ń yára tẹ nǹkan. Tẹ́ ẹ bá kọ ọjọ́ mọ́ iṣẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, fúnra ẹ̀ ló máa mú ọjọ́ náà. Ó gbọ́ àwọn èdè mìíràn náà, àmọ́ Yorùbá ò sí lára wọn. Ẹ lè fi Yorùbá kọ iṣẹ́ yín síbẹ̀ o, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kọ "lọ́jọ́ Ajé", ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ mú ọjọ́ náà. Apá ọ̀fẹ́ ẹ̀ sì ní òdiwọ̀n iye ìpín iṣẹ́ tẹ́ ẹ lè ṣí.

Notion ńkọ́? Ó lágbára, àmọ́ ó lè gba èèyàn lọ́jọ́ mẹ́ta kó tó tò ó tán. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n máa kun tábìlì, kí wọ́n máa yan àwọ̀, kí wọ́n máa wo fídíò YouTube lórí bí wọ́n ṣe ń tò ó. Ẹni tó ń pọ́n àdá láti àárọ̀ dalẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ roko?

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣebí ìwé ni bàbá wa lò, wọ́n sì ṣe é láṣeyọrí." Mi ò bá a jà. Ká gúnyán nínú ewé, ká sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Tí ìwé bá ń ṣiṣẹ́ fún yín, ẹ má fi í sílẹ̀. Ohun méjì péré ni ìwé ò lè ṣe: kò lè pariwo nígbà tákòókò bá tó, tó bá sì sọnù, ó lọ nìyẹn. Wọ́n lè já fóònù gbà lọ́wọ́ yín l'Ọ́ṣòdì, àmọ́ tí iṣẹ́ yín bá wà lórí àkáǹtì, tẹ́ ẹ sì rántí password, ẹ óò bá a lórí fóònù tuntun.

Ohun tí áàpù fẹ́ sọ fún yín

Mo ti sọ pé télọ̀ yẹn gbàgbé ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi gbàgbé? Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé orí ẹ̀ ò pé. Iṣẹ́ tó gbà ju ohun tọ́wọ́ ẹ̀ ká lọ. Owó àsansílẹ̀ dùn ún gbà, kò sì síbi tó ti lè rí i pé aṣọ mẹ́rìnlá ti wà nílẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà ló sì kù.

Áàpù tó dáa á jẹ́ kó rí i. Tí oníbàárà karùndínlógún bá dé, á wo fóònù ẹ̀, á sì lè sọ pé: "Mà, mi ò ní lè ṣe é kó tó di Sátidé yẹn. Ṣé a lè fi í sí ọ̀sẹ̀ kejì?" Mà lè fajú ro. Ó lè gbé aṣọ ẹ̀ lọ síbòmíràn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n á mọ̀ pé ẹni yìí kì í parọ́, òun ló sì máa pè nígbà tí ọmọ ẹ̀ bá fẹ́ ṣègbéyàwó. Ẹni tó já a kulẹ̀ lọ́jọ́ òde, kò ní pè é mọ́ láé, á sì tún sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀.

Ẹni bá da omi síwájú ni yóò tẹlẹ̀ tútù. Lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ tó wọ orí Play Store, ẹ jókòó ti ìwé kan. Ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti ṣèlérí fún èèyàn, tẹ́ ẹ ò tíì ṣe, látorí WhatsApp títí dé orí àwọn ìpè tẹ́ ẹ gbé lánàá. Tó bá jẹ́ mẹ́jọ, Google Tasks tàbí ìwé yẹn gan-an ti tó yín. Tó bá jẹ́ ọgbọ̀n, tó sì jẹ́ ti oníbàárà, ẹ lọ wá Trello. Tó bá ti lé ní àádọ́ta, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn kan nínú wọn lórí fóònù láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún wọn.